Mo fẹ́ kí láptọ́ọ̀pù mi fúnra ẹ̀ kọ́ ayò ọlọ́pọ́n, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọ̀ta, Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Iṣẹ́ títún fóònù ṣe ni mò ń ṣe níbí, mi ò kàwé kọ̀ǹpútà ní yunifásítì o, àmọ́ ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń fi Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe nǹkan kéékèèké, òun náà ni mo fi kọ èyí tó ń bá mi ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi, ọ̀ta ayò ni wọ́n, gbogbo àdúgbò ló mọ̀, ìrọ̀lẹ́ kan ò lè lọ kí wọ́n má jókòó sídìí ọpọ́n. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n ṣe ètò kan tó máa kọ́ ayò fúnra ẹ̀, kì í ṣe pé èmi ni màá máa sọ fún un pé tí báyìí bá ṣẹlẹ̀ kó ta tibí, tí tọ̀hún bá ṣẹlẹ̀ kó ta tọ̀hún, rárá o, kó máa ta á kó máa ṣàṣìṣe títí táá fi mọ̀ ọ́n. Mo wo fídíò bíi mẹ́ta, gbogbo wọn ní àfi kéèyàn ra káàdì GPU olówó gọbọi, èyí tó ń bá kọ̀ǹpútà ṣe ìṣírò ńlá. Tèmi RAM 4GB ló ní, bátìrì ẹ̀ ò lè gbé ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, iná tiwa náà ẹ mọ̀ bó ṣe ń ṣe. Ṣé ó ṣeé ṣe àbí kí n gbàgbé ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ju línkì sílẹ̀ fún mi, ẹ sọ ohun tójú yín rí.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe dáadáa. Má tíì ra nǹkan kan. Kódà kó o tó tan láptọ́ọ̀pù yẹn, lọ wá páálí ìṣáná, òótọ́ ni mò ń bá ẹ sọ. Lọ́dún 1961, Donald Michie tó jẹ́ ará Brítéènì fẹ́ fi han àwọn èèyàn pé ẹ̀rọ lè ti ara èrè àti ìyà kọ́ nǹkan, kò sì rí kọ̀ǹpútà lò nígbà yẹn. Ó kó páálí ìṣáná 304 jọ, páálí kọ̀ọ̀kan dúró fún ipò kan tí géèmù X àti O lè wà, èyí táwọn ọmọ ilé ìwé máa ń fà sẹ́yìn ìwé wọn yẹn. Ó wá kó ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sínú wọn, àwọ̀ kan fún ojú kan tí ẹ̀rọ lè kọ àmì ẹ̀ sí. Tó bá kan ẹ̀rọ, á wá páálí tó bá ipò yẹn mu, á mì ín, ìlẹ̀kẹ̀ tó bá bọ́ síwájú, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ta sí. Tí ẹ̀rọ bá borí, á fi irú ìlẹ̀kẹ̀ tó lò kún àwọn páálí yẹn, tó bá fìdí rẹmi á yọ tibẹ̀ kúrò. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. MENACE ló sọ ọ́, ó sì kọ́ géèmù yẹn.

304 á pọ̀ jù fún ìwọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Martin Gardner gbé èyí tó kéré jáde, páálí 24 péré, Hexapawn ni wọ́n ń pe géèmù náà. Fa ojú mẹ́sàn-án, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, to ọmọ mẹ́ta sí ìlà tìẹ, to mẹ́ta sí ti ẹ̀rọ lódìkejì. Ọmọ kan lè sún síwájú lẹ́ẹ̀kan tí ibẹ̀ bá ṣófo, tàbí kó gba ìgun jẹ ọmọ ẹnì kejì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìlà òdìkejì, tàbí tó jẹ gbogbo ọmọ ẹnì kejì tán, tàbí tó dí i mọ́lẹ̀ tí kò fi rí ibi sún sí, òun ló pa á. Ẹ̀rọ ló ń ta ṣìkejì.

Àwọn ọmọ-ọmọ mi méjì ni mo bá ṣe é nígbà ìsinmi tó kọjá. A ra páálí ìṣáná lọ́wọ́ màmá alátẹ tó wà níwájú ilé, a ò rí ìlẹ̀kẹ̀, la bá lo ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà olóyin, àgbàdo àti ẹ̀gúsí. Mo fi bírò ya ipò sára páálí kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe tí mo ṣe rèé, kíwọ má bàa ṣe é: tí ẹ̀rọ bá ti fìdí rẹmi, inú gbogbo páálí tó lò ni mo ti máa ń yọ hóró. Ká tó ta á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá páálí àkọ́kọ́ ti ṣófo, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan ta mọ́. Hóró tó lò gbẹ̀yìn nìkan ló yẹ kó o yọ, torí òun ló sún mọ́ ikú jù. Michie náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi kó ìlẹ̀kẹ̀ sínú páálí ìbẹ̀rẹ̀ ní mẹ́rin mẹ́rin, tó sì ń dín in kù títí ó fi di ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní ìparí.

Èyí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló kọ́kọ́ rí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tá a tún un ṣe. Ó ní, "Bàbá àgbà, páálí yìí ti ṣófo, ṣé kò mọbi tó máa lọ mọ́ ni?" Mo ní kó gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà látibẹ̀. Ó gbìyànjú ẹ̀ títí, ikú ni gbogbo ẹ̀. Páálí tó ṣófo yẹn ni ẹ̀rọ fi ń sọ pé tóun bá ti débí, ó ti tán fóun nìyẹn. A wá lọ yọ hóró tó gbé e débẹ̀ nínú páálí tó ṣáájú. Nígbà tó yá kò sẹ́ni tó lè pa á mọ́ nínú ilé wa, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí, torí nínú géèmù yẹn ẹni tó ta ṣìkejì ló ń borí bí kò bá ṣàṣìṣe. Ṣe tìẹ kó o tó fọwọ́ kan kóòdù. Ohun tó o bá fọwọ́ ẹ yọ nínú páálí, o ò ní bèèrè ìtúmọ̀ ẹ̀ mọ́ tó o bá rí i lórí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ Ọ̀ta, Ọ̀ṣogbo

Ha, ẹ ṣeun gan-an sà. Páálí 24 ò lè wọ́n mi. Mo ti ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bá mi rà á bọ̀ lọ́jà.

Kóòdù Bódìjà, Ìbàdàn

Ohun tí Tíṣà sọ yẹn náà ni wọ́n ń pè ní reinforcement learning, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa ti ara èrè àti ìyà kọ́ nǹkan, tó bá dórí kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà inú tábìlì ló kàn rọ́pò hóró ẹ̀wà. Bó o bá ti ṣe ti páálí tán, gba gymnasium (àkójọ géèmù kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ) àti numpy (irinṣẹ́ ìṣírò) sórí Python ẹ, àwọn méjèèjì ò tóbi, kó o gbà wọ́n lóru tí dátà bá pọ́ọ́kú. Má fọwọ́ kan PyTorch, irinṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀rọ, rárá níbẹ̀rẹ̀, tó o bá sì máa gbà á lọ́jọ́ iwájú èyí tó jẹ́ ti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀) nìkan ni kó o gbà, torí èyí tó gbé ti GPU dání máa jẹ dátà ẹ tán láìwúlò fún ẹ.

Inú gymnasium yẹn, géèmù kan tó ń jẹ́ FrozenLake ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Adágún omi tó dì ni, ojú 16, ihò 4 wà níbẹ̀, tó bá jìn síhò ó parí, tó bá dé ibi ẹ̀bùn ó gba 1, gbogbo ibòmíì òdo. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ló lè gbé: òsì, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òkè. Ìyẹn ni pé gbogbo ọpọlọ ẹ̀ kò ju nọ́ńbà 64 lọ, o lè kọ gbogbo ẹ̀ sójú ewé ìwé ẹ́sásáìsì kan, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, o máa rí gbogbo ohun tó ń lọ lórí ẹ̀ lójúkojú.

Ọ̀nà tó ń gbà kọ́ ọ, Q-learning ni, Chris Watkins ló gbé e jáde lọ́dún 1989. Ohun tó ń ṣe kò le: ó gbé ohun tó rò tẹ́lẹ̀ nípa ìgbésẹ̀ kan, ó wá sún un díẹ̀ sọ́dọ̀ ohun tójú ẹ̀ rí, ìyẹn èrè tó gbà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú apá kan nínú ohun tó dáa jù tó rò pé òun lè rí níbi tó bọ́ sí. "Díẹ̀" yẹn ni alpha, "apá kan" yẹn ni gamma. Jẹ́ ká fi alpha sí 0.5, gamma sí 0.9, gbogbo tábìlì òdo. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ṣèèṣì dé ibi ẹ̀bùn, ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀bùn nìkan ló máa yí padà, ó di 0.5, gbogbo ojú tó gbà kọjá ṣì wà ní òdo. Tó bá tún gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kejì, ojú tó ṣáájú máa rí i pé 0.5 wà níwájú, á di 0.225, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀bùn á di 0.75. Lẹ́ẹ̀kẹta èyí tó ṣáájú ìyẹn náà máa gbọ́. Bí ìròyìn ṣe ń ti ẹnu ẹnì kan dé etí ẹlòmíì ló ṣe máa ń rìn padà sẹ́yìn. Tẹ tábìlì ẹ̀ jáde lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan kó o wò ó.

Ibi tó ti gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ mi nìyí o, gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló ń kó sí i. Mo ran ètò mi ní ìgbà 10,000, òdo ló kún tábìlì látòkè délẹ̀. Mo rò pé kóòdù mi ti bàjẹ́. Nígbà tí mo wá ní kó máa tẹ ìgbésẹ̀ ẹ̀ jáde, òsì, òsì, òsì, òsì ló ń lọ, ó dúró sí ojú àkọ́kọ́, ó ń kan orí mọ́ ògiri. Ìdí ẹ̀ ni pé tí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, argmax ti numpy, àṣẹ tó ń wá èyí tó pọ̀ jù, èyí àkọ́kọ́ ló máa ń mú, èyí àkọ́kọ́ sì ni òsì. Kó o kọ ọ́ pé tí wọ́n bá dọ́gba kó ṣẹ́ kèké mú ọ̀kan, kó o sì jẹ́ kó máa rìn kiri gan-an níbẹ̀rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́kàn lé ohun tó mọ̀. Ìrìn kiri yẹn ni wọ́n ń pè ní epsilon, bẹ̀rẹ̀ láti 1, kó o máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Pa is_slippery ná, òun ló ń jẹ́ kí ilẹ̀ máa yọ̀. Tó bá wà níbẹ̀, ìgbà kan nínú mẹ́ta ló máa lọ síbi tó fẹ́, méjì yòókù ó máa yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyẹn dáa fún ọ̀sẹ̀ kejì.

Ìyá Ìbejì, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ kóòdù kankan, aṣọ ni mò ń rán, àmọ́ mo ti fi irú nǹkan yìí ṣeré pẹ̀lú àwọn ọmọ mi lórí Teachable Machine ti Google, inú bráúsà ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sówó kankan. Ẹ máa fi kámẹ́rà ya nǹkan hàn án, ẹ sọ fún un pé báyìí ni wọ́n ń pè é, ẹ tẹ bọ́tìnnì, ó kọ́ ọ.

A ní kó máa dá ata rodo àti tàtàṣé mọ̀. Taye mú rodo, Kẹ́hìndé mú tàtàṣé, a ya bí ọgọ́rùn-ún àwòrán fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, àwọn ọmọ ń pariwo. Àṣé orí tábìlì onírọ́bà búlúù la ti ya rodo, tàtàṣé wà nínú abọ́ funfun. Lọ́jọ́ kejì Kẹ́hìndé gbé tàtàṣé sórí rọ́bà búlúù, ló bá ní rodo ni. Mo ní kí wọ́n gbé ata kúrò, kí wọ́n fi kámẹ́rà sórí rọ́bà lásán. Ó ṣì ní rodo ni! Rọ́bà ló kọ́, kò kọ́ ata. A tún un yà, orí rọ́bà, nínú abọ́, lọ́wọ́ èèyàn, lóòrùn, níbòji, rodo tútù, rodo tó ti rọ, a sì fi ẹ̀kẹta kún un tá a pè ní "kò sí nǹkan". Ìgbà yẹn ló tó gbọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí bùọ̀dá Ọ̀ṣogbo mú níbẹ̀ ni pé tó bá ń ṣe dáadáa jù, ẹ yí nǹkan kan padà ní àyíká ẹ̀ kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ nílé, ẹ ṣe é pẹ̀lú wọn, àwọn tèmi ò gbàgbé ẹ̀ títí dòní.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì yẹn bá tèmi lọ, èmi máa sọ tèrè. Àbúrò, ohun tó o bá fún un lérè lo máa rí gbà, kì í ṣe ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Lọ́dún 2016 àwọn OpenAI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe AI, kọ́ ètò kan ní géèmù eré ìje ọkọ̀ ojú omi, CoastRunners. Géèmù yẹn kì í fún èèyàn ní máàkì torí pé ó sáré débi ìparí, àwọn nǹkan tó ń kọlù lójú ọ̀nà ló ń fún un ní máàkì. Kí lọkọ̀ ṣe? Ó wá ibì kan rí tí nǹkan mẹ́ta ti máa ń hù padà tó bá ti kọlù wọ́n, ló bá ń yí po níbẹ̀, ó ń forí gbá ọkọ̀ míì, ó ń gbiná, kò parí ìje rárá, síbẹ̀ máàkì ẹ̀ fi nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ju tàwọn èèyàn lọ.

Èmi náà rí tèmi nínú yàrá mi. Géèmù ejò, èyí tó máa ń wà lórí fóònù Nokia láyé ijọ́un, ejò ń jẹun ó ń gùn sí i. Mo ní kó gba 1 tó bá jẹun, kó pàdánù 10 tó bá kú. Mo fi sílẹ̀ lóru mọ́jú. Nígbà tí mo jí, ejò ń yí po lójú kan náà, yípo, yípo, oúnjẹ wà nígun kejì kò tiẹ̀ wò ó. Ó ti rí i pé ẹni tí kò bá lọ síbì kankan kò ní kú. Mo wá ní kó máa pàdánù díẹ̀, 0.01, nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá gbésẹ̀ láìjẹun, ló bá dìde.

Ní ti ayò, má fi ọmọ tó bá jẹ ṣe èrè. Mo mọ̀ pé ó wuni, torí ayò kan gùn, èèyàn á fẹ́ fún un ní nǹkan láàárín. Àmọ́ tó o bá ṣe bẹ́ẹ̀ á di oníwọra, á máa sáré jẹ méjì méjì kiri, ẹnì kejì á máa kó òdù jọ, ìyẹn ihò tó kún fún ọmọ, á wá gbé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo gbá a lọ. Tó bá pa á láyò 1, tí wọ́n bá pa á òdo, ọ̀mì 0.5. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́n, ṣùgbọ́n ayò lo kọ́ ọ.

Ọlọ́pọ́n, Ìjẹ̀bú Òde

Èmi ti ṣe ti ayò gan-an, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí.

Tábìlì Q tí Bódìjà sọ kò lè gba ayò. Ihò 12, ọmọ 48, ẹ wò ó bí ohun kékeré. Lọ́dún 2002 John Romein àti Henri Bal ní yunifásítì Vrije ní Amsterdam ṣírò gbogbo ipò tí awari lè wà, ìyẹn ẹ̀yà ayò tó jọ tiwa gan-an, ipò 889,063,398,406 ni. Kọ̀ǹpútà alápapọ̀ tó ní ọpọlọ 144 ni wọ́n lò, ó gbà á ní wákàtí 51, ohun tí wọ́n sì rí ni pé tí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣàṣìṣe, ọ̀mì ni. Ìwọ ò ní ibi tó o máa kó ìyẹn sí nínú 4GB.

Ọ̀nà tí Arthur Samuel gbà ní IBM lo máa gbà. Ó kọ́ kọ̀ǹpútà ní dráàfù, ó gbé ìwé jáde lórí ẹ̀ lọ́dún 1959, ẹ̀rọ ayé ìgbà yẹn kò tó fóònù tó ò ń tún ṣe rárá. Kò kó gbogbo ipò pa mọ́. Ó yan nǹkan díẹ̀ tó yẹ kí ẹ̀rọ máa wò lójú pátákó, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, ètò fúnra ẹ̀ ló wá ń tún ìwọ̀n yẹn ṣe bó ṣe ń ta á sí i. Tìẹ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí: ọmọ mélòó ni mo ti jẹ jù ú lọ, ihò mélòó ni mo ṣì lè ta, ọmọ mélòó ló wà nínú ihò mi tó kún jù, ìyẹn òdù. Nọ́ńbà mẹ́ta péré. Mo mọ̀ pé o ní o ò fẹ́ sọ fún un ohun tó máa ṣe, o ò sọ fún un, ohun tó máa wò nìkan lo sọ, òun ló máa mọ èyí tó ṣe pàtàkì àti bó ṣe ṣe pàtàkì tó. Kó o bi bàbá ẹ léèrè ohun tójú wọn máa ń wò kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọmọ ayò, ìyẹn ju fídíò lọ.

Kó tó dìgbà yẹn, òfin ayò ni kó o kọ kó pé. Ìgbàkígbà, ọmọ tó wà lójú ọpọ́n pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti jẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ 48, kọ ọ́ sínú kóòdù pé tí kò bá pé kó dúró kó pariwo. Ìyẹn gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe kan. Àmọ́ kò gbà mí lọ́wọ́ èkejì: tí òdù bá ní ọmọ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀, téèyàn bá ta á yí po ó gbọ́dọ̀ fo ihò tó ti gbéra, tèmi ò fò ó, 48 ṣì pé pérépéré. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ètò mi fi kọ́ ayò tí kì í ṣe ayò. Ọjọ́ tí mo gbé ọpọ́n gidi sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù tí mo ń ta méjèèjì pọ̀ ni mo tó mọ̀. Kóòdù ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé tí ẹnì kejì ò bá ní ọmọ kankan mọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ bọ́ ọ tó bá lè bọ́ ọ. Àdúgbò sí àdúgbò ló sì lófin tiẹ̀ nípa ká jẹ ẹ tán pátápátá, ti bàbá ẹ ni kó o lò.

Tó bá wá ń bá ara ẹ̀ ta, máa tọ́jú àwọn ẹ̀dà ẹ̀ àtijọ́ kó máa bá àwọn náà ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, torí tó bá jẹ́ òun àti òun nìkan, wọ́n lè kọ́ ìwàkiwà kan tí ẹlòmíì kankan ò ní. Tó o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́n, pa ẹ̀kọ́ àti epsilon, jẹ́ kó bá èyí tó kàn ń ta ìtakúta ta ayò 100, àádọ́ta lòun á bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta lẹnì kejì á bẹ̀rẹ̀. Mẹ́wàá ò tó, mẹ́wàá lè tàn ẹ́.

Iná Ò Sí, Adó-Èkìtì

Ọ̀rọ̀ iná nìkan ni tèmi. Kó o máa tọ́jú ìwọ̀n ẹ sínú fáìlì lẹ́yìn ayò 500 kọ̀ọ̀kan, àmọ́ má kọ ọ́ lé fáìlì àtijọ́ lórí tààrà. Iná lọ nígbà tí tèmi ń kọ ọ́ lọ́wọ́, bátìrì mi ti kú nígbà yẹn, fáìlì bàjẹ́, tuntun ò sí, àtijọ́ ò sí, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ. Kọ ọ́ sínú fáìlì míì ná, tó bá parí kó o wá fi os.replace, àṣẹ Python tó ń fi fáìlì kan rọ́pò òmíì, pààrọ̀ rẹ̀. Kó o tún tọ́jú iye ayò tó ti ta àti ibi tí epsilon dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa bẹ̀rẹ̀ ìrìn kiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí iná bá dé. Má gbé láptọ́ọ̀pù sórí bẹ́ẹ̀dì tó bá ń ṣiṣẹ́ o, orí igi tàbí táìsì ni, ooru ò dáa fún un. Jẹnẹrétọ̀ níta gbangba, kì í ṣe kọ́rídọ̀.

Àbíkẹ́, Èkó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ètò AI tí mo gbà sórí kọ̀ǹpútà mi tí mo ń bá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ ńkọ́, tí mo bá ń tún àmì ohùn ẹ̀ ṣe fún un lójoojúmọ́, ṣé ó ń kọ́ ọ ni? Torí lọ́jọ́ kejì ó tún máa ń ṣi ibì kan náà kọ.

Kóòdù Bódìjà, Ìbàdàn

Rárá, kò kọ́ ọ, àǹtí. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ sọ wà lójú ẹ̀ nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yẹn, ìwọ̀n inú ẹ̀ ò yí padà rárá, tẹ́ ẹ bá ti ṣí tuntun ó ti lọ. Irú ìyẹn parí ẹ̀kọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó kọ́ ọ, ẹ máa tọ́jú àtúnṣe yín, gbólóhùn tó kọ àti gbólóhùn tẹ́ ẹ tún ṣe, sínú fáìlì kan, lójoojúmọ́. Tó bá pọ̀ dáadáa, ẹ lè fi ṣe àfikún ẹ̀kọ́ fún un, LoRA ni wọ́n ń pe ọ̀nà kan tẹ́ ẹ lè gbà ṣe é, ẹ wá ìwífún nípa ẹ̀, kò nílò kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ kọ́. Fáìlì yẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n ní èdè wa, ẹ má fi ṣeré, òun ni iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀ta, Ọ̀ṣogbo

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́rin o, mo ní kí n padà wá jábọ̀. Ó ti lé ní oṣù kan.

Páálí ìṣáná la fi bẹ̀rẹ̀, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi, ṣọ́ọ̀bù kún fún èèyàn, àwọn oníbàárà ń dúró wò ó. FrozenLake, ó kan orí mọ́ ògiri bí Bódìjà ṣe sọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ti kà á níbí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo fi tún un ṣe. Òfin ayò ló jẹ mí lóorun jù. Mo gbé ọpọ́n bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù bí Ọlọ́pọ́n ṣe wí, mo rí àṣìṣe méjì, ọ̀kan ni pé tèmi ń jẹ ní ẹ̀gbẹ́ ara ẹ̀ náà. Nígbà tó wá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àádọ́ta àti díẹ̀ ló ń pa nínú 100 tó bá bá onítakúta ta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, iná ń lọ iná ń bọ̀, ó di ọgọ́rin àti díẹ̀. Láptọ́ọ̀pù 4GB kan náà o, mi ò ra nǹkan kan.

Mo wá pe bàbá mi. Wọn ò fẹ́ wo ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní ọpọ́n làwọn mọ̀, èmi wá ń bá ètò ta ọmọ sójú ọpọ́n, ó sọ ihò kan, mo kó o, mo ta á. Wọ́n pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta wọ́n ò dìde, wọ́n na ìka sí ihò mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, wọ́n ní, "Wò ó, ọ̀kan níbí, méjì níbí, ọ̀kan níbí. Ó kàn ń fi wọ́n sílẹ̀ káàkiri fún mi ni. Kò mọ̀ pé ibi tí ọmọ bá ti ku ẹyọ kan tàbí méjì ni mo ti ń jẹun." Mo padà lọ wo nọ́ńbà mẹ́ta tí mo ní kó máa wò, lóòótọ́ kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó ń wo ìyẹn. Kò lè kọ́ ohun tójú ẹ̀ ò rí.

Mo ti fi ẹ̀kẹrin kún un: ihò mélòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló ní ọmọ kan tàbí méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti òdo lánàá. Nígbà tó ta bíi 4,000, ìwọ̀n ẹ̀kẹrin yẹn ti wà ní ìsàlẹ̀ òdo, ó sì ń lọ sílẹ̀ sí i, ìyẹn ni pé òun fúnra ẹ̀ ti rí i pé ohun burúkú ni, mi ò sọ fún un. Iná lọ nígbà yẹn, àmọ́ fáìlì pé. Mo sọ fún bàbá, wọ́n ní tó bá ti tó 20,000 kí n pe àwọn. Wọ́n ti gbé ọpọ́n wá sí ṣọ́ọ̀bù, abẹ́ tábìlì ló wà báyìí.